Èèrí Ìyá Ẹlẹ́kọ

Mo jókòó sí ìdí fèrèsé lọ́jọ́ Àlámísì tó kọjá, mo ń ka ìwé, nígbà tí òórùn kan jáde láti ilé ìdáná wá bá mi. Ó kan díẹ̀, ó dà bí òórùn aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò, òórùn àgbàdo sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ìwé sílẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ òórùn yẹn gbẹ̀yìn nínú ilé tí mò ń gbé, ṣùgbọ́n imú kì í gbàgbé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Rúkáyà ọmọ mi ló wà níbẹ̀. GRA ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, àmọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má wá sí Gàmbàrí wá wo ohun tí mò ń jẹ. Nígbà tí dókítà wá sọ fún mi pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, Rúkáyà gba ilé ìdáná lọ́wọ́ mi pátápátá. Ìrẹsì funfun jáde. Búrẹ́dì jáde. Ó kó ṣúgà lọ sí ibi tí n kò tíì rí títí di òní. Inú fóònù rẹ̀ ló ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń jẹ lóde òní, ohun tó bá sì kà lọ́sẹ̀ yìí ni èmi máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó fún mi ní omi kùkúḿbà mu lójú àsùbáà. Ó fún mi ní hóró dúdú wínníwínní kan tí wọ́n rẹ sómi, tó yọ̀ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Mo mu ún. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú kì í yan oúnjẹ.

Lọ́jọ́ náà, omi gbígbóná ló ń dà sórí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú kan nínú àwo. Ọ̀rá líle kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń dán, wọ́n sì fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ nǹkan sí i lára.

“Bàbá, ẹ má tíì wò ó,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kó wú ná.”

“Kí ni?”

“Fáíbà ni. Gbogbo ayé ló ń jẹ ẹ́ báyìí. Ó ń dín ṣúgà kù, ó ń fọ ikùn, ó sì ń jẹ́ kéèyàn yó pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ilé ìtajà wọn tí wọ́n ti tà á tán kí n tó rí èyí rà.”

Mo ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá náà. Mo mú díẹ̀, mo fi ìka méjì rún un, mo gbé e sí imú.

“Rúkáyà, èèrí nìyí.”

“Èèrí kẹ̀? Bàbá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i lára.”

“Mo ti wò ó. Èèrí ògì ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ẹ. Ẹ ti fẹ́ fi àwàdà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ máa jẹ ẹ́ o.”

N kò ṣàwàdà. Mo bi í ní iye tó rà á. Ó sọ. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Owó ọ̀rá kan yẹn á ra ẹran tí èmi nìkan kò ní jẹ tán lọ́sẹ̀ kan. Mo fa àpótí, mo jókòó gbì. Ọmọ mi rò pé ṣúgà ló gùn mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mi. N kò lè ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ṣúgà. Ohun tí mo fi ojú mi rí tí ìtìjú rẹ̀ lé èèyàn kúrò nílùú ni wọ́n rọ sínú ọ̀rá aláwọ̀ wúrà yẹn, tí ọmọ mi sì lọ tò sí ìlà láti rà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ èèrí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà, nínú agboolé wa níbí, ní Gàmbàrí. Ìyá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin gíga ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ará ilé ní lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kó àìsọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ̀yìn ilé, nítòsí kànga, ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìkòkò ńláńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ara wọn ti dúdú, omi sì máa ń rọra yọ lára wọn bí òógùn. Á rẹ àgbàdo fún ọjọ́ mẹ́ta títí á fi rọ̀, tí á sì máa kan. A óò fọ̀ ọ́, a óò rù ú lọ síbi ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, a óò sì rù ú padà pẹ̀lú omi tó ń kán sí wa lọ́rùn. Ìgbà náà ni iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́kọ á so aṣọ funfun kan mọ́ ẹnu ìkòkò, á máa bu àgbàdo lílọ̀ sí i, á máa da omi lé e, á sì máa fi ọwọ́ pò ó. Ohun tó bá gba ojú aṣọ kọjá, ògì nìyẹn. Ohun tó bá kù sórí aṣọ, tó rí ṣákaṣàka, tí kò ní adùn, tí kò ní ọ̀rá, òun ni èèrí. Kí a tó da èèrí nù, èmi ni mo máa ń ká ẹnu aṣọ pọ̀ tí mo máa ń fún un, títí omi funfun tó gbẹ̀yìn á fi kán jáde. Apá mi le nígbà náà. Ìyá á wo èèrí tí mo fún, á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní, “Ọkọ mi, o ṣe é.” Èmi á rìn ká agboolé bí ẹni tí wọ́n wé láwàní fún.

Èèyàn kì í jẹ èèrí. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn obìnrin tó ní ewúrẹ́ á wá pẹ̀lú ìkòkò wọn, Ìyá á bù fún wọn, wọn á gbàdúrà fún un, wọn á lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí lórí èèrí. Ta ló ń ta ohun tí a fẹ́ dà nù?

Ọ̀kan nínú wọn ni Ìyá Ráímì, tí agboolé wọn wà lẹ́yìn tiwa. Ewúrẹ́ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ìwo ẹ̀kẹta kán lápá òsì. Èyí tí ìwo rẹ̀ kán yìí ni mo mọ̀ jù, nítorí olè ni. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ ló máa ń wá jí jẹ. Bàbá Ráímì ń hun aṣọ òfì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Ráímì fúnra rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ẹgbẹ́ mi ni, ọmọ tín-ínrín, ẹlẹ́nu dídùn. Bí wọ́n bá nà án ní kéú, ohun tó máa sọ lẹ́yìn náà á mú kí ẹni tó nà án rẹ́rìn-ín.

Abẹ́ igi dóńgóyárò ni Àfáà wa ti ń kọ́ wa ní kéú. Láàárọ̀, bí Àfáà bá wọlé lọ ṣe nǹkan, eré kan wà tí a máa ń ṣe. A kì í fi ṣíbí jẹun nígbà náà, ọwọ́ ni. Bó ti wù kéèyàn fọ ọwọ́ tó, oúnjẹ á ṣì fi òórùn díẹ̀ sílẹ̀ ní orí ìka. A óò wá ní, “Mú ọwọ́ wá!” Ẹni tí wọ́n bá pè á na ọwọ́, a óò gbóòórùn rẹ̀, a óò sọ ohun tó jẹ.

Ẹ má rò pé ìgbà yín nìkan ni oúnjẹ ń ní àṣà. Nígbà tiwa, búrẹ́dì àti tíì ni àṣà. Ẹja inú agolo ni àṣà. Ọmọ kan wà láàárín wa tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ akẹ́rù; ọmọ náà kì í fọ ọwọ́ rẹ̀ rárá, nítorí bọ́tà. Ní ti ìrẹsì, ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀, tí kì í ṣe ọdún, odindi ọjọ́ méjì ni yóò fi máa sọ ọ́. Oúnjẹ tí àwọn òbí wa jẹ dàgbà, ọkà bàbà, ìlasa, ègbo, a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan máa ń fi epo ra ètè kí a lè rò pé ẹran ni wọ́n jẹ sùn.

Ọwọ́ tèmi kò já mọ́ nǹkan nínú eré náà. Ẹ̀kọ lónìí, ẹ̀kọ lọ́la. Nítorí náà wọ́n fi mí ṣe adájọ́. Mo sì mọ iṣẹ́ náà. Mo lè mọ irú tó ti pẹ́ yàtọ̀ sí irú tuntun. Mo lè mọ ẹni tó jẹ àkàrà, kí n tún mọ ilé tó ti rà á. Ráímì máa ń sọ pé bí mo bá kú, kí wọ́n gé imú mi sílẹ̀ fún ìlú.

Ọdún kan wá tí òjò pẹ́. Àgbàdo wọ́n. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ òfì dín kù, ojú Bàbá Ráímì sì ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀; ó máa ń gbé òwú sún mọ́ imú kó tó rí i. Ewúrẹ́ dúdú kọ́kọ́ lọ sọ́jà. Pupa tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti jí ewé wa jẹ gbẹ̀yìn. Èyí tí ìwo rẹ̀ kán náà ti lọ.

Ṣùgbọ́n Ìyá Ráímì kò yé wá. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn àsùbáà, ó máa ń dé pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. “Mo wá gba ti àwọn ewúrẹ́, Ìyá.” Ìyá Ẹlẹ́kọ á bù fún un, á kún, á sì fi ewé bò ó.

Àárín ìgbà yẹn náà ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ ìwà kan tí kò yé mi. Bí mo bá ti gbé aṣọ lọ́wọ́ tí mo fẹ́ fún un, á ní, “Ó tó, ọkọ mi. Má fún un tán.”

“Ìyá, ògì ṣì wà níbẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣé ká wá fún ewúrẹ́ ní ògì ni?”

“Ewúrẹ́ náà ní ẹnu.”

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ti dé. Ẹ̀kọ tí à ń gbé lọ sí Ọjà-Ọba dín kù, àwọn oníbàárà ń kùn pé ó ti ń tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àgbàdo sì wọ́n lọ́jà, Ìyá wá ń fi ògì dáradára sílẹ̀ nínú èèrí. Ó dùn mí. Mo fẹ́ràn kí n fún aṣọ yẹn kó gbẹ.

Ọjọ́ Àlàrùbá kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Àfáà wọlé. Ẹnìkan ní, “Mú ọwọ́ wá!” Ó kan Ráímì. Tẹ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa ń na ọwọ́, á ní, “Ẹ rọra o, àsè ààfin ni mo jẹ.” Lọ́jọ́ náà, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ tó ká lé e. Àwọn yòókù rí i, wọ́n dì í mú, wọ́n fa ọwọ́ náà wá bá adájọ́. Kò tíì dé imú mi tí mo ti mọ̀. Gbogbo ayé mi ni òórùn yẹn.

“Èèrí,” mo ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ráímì náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ewúrẹ́ ni mo fún lóúnjẹ kí n tó máa bọ̀ jàre.”

Ìdáhùn tó dára ni. Gbogbo wọn gbà á. Wọ́n ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti ń yíjú sí ẹlòmíràn. Ìbá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ni mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ṣì í, pé n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ àti ọwọ́ tí wọ́n kàn fi bù ú lásán.

Mo ní, “Ewúrẹ́ wo? Ṣebí ẹ ti tà wọ́n tán. Ìyá rẹ ṣì wá gba èèrí nílé wa láàárọ̀ yìí.”

Ọmọ alákẹ́rù ló kọ́kọ́ ké bí ewúrẹ́. Èkejì ké. Gbogbo wọn ké.

Ráímì kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tí ajá ilé rẹ̀ bù jẹ. Ó fi wàláà rẹ̀ há abíyá, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn mọ́sálásí lọ. Nígbà tí Àfáà jáde tó bá igbe ewúrẹ́ lẹ́nu wa, ó nà wá láìbéèrè. Pàṣán yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n fi nà mí rí, nítorí mo rò pé ó ti parí ọ̀rọ̀ náà.

Kò parí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ẹlẹ́kọ bu èèrí sílẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó ń retí. Ẹnikẹ́ni kò wá gbé e. Oòrùn là sí i lórí, ó kan, eṣinṣin bò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ó bù ú sílẹ̀ bákan náà. Òun náà kan dànù. Ìyá wá pè mí.

“Ọkọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ ní kéú?”

Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì pa ojú dé de ìgbájú. Ìgbájú kò wá. Nígbà tí mo la ojú, ó ti jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ dé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí ògì ti sọ di funfun.

“Láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ àkọ́kọ́ ti lọ ni mo ti mọ̀,” ó ní. “Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi?”

“Rárá, Ìyá.”

“O gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó dára. Imú rẹ mọ òórùn. Ojú rẹ kò mọ ojú èèyàn.”

Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí kò fi jẹ́ kí n fún aṣọ náà tán. Ará ilé márùn-ún ló ń jẹ ògì tí à ń fi sílẹ̀ nínú èèrí yẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni tọrọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni ta wọ́n lọ́rẹ. Ewúrẹ́ mẹ́ta tí kò sí mọ́ ni wọ́n fi bo ojú. Èmi ni mo wá ṣí i.

Ìyá dá iná. Ó ro ẹ̀kọ gbígbóná, ó se ọbẹ̀ ìlasa, ó fọ́ ẹja gbígbẹ tó fi pamọ́ de àlejò sínú rẹ̀. Ó gbé e lé mi lórí, ó ní kí n gbé e lọ sílé Ráímì, kí n má sì sọ ju “Ìyá ní kí ẹ fi èyí panu” lọ.

Òfì kò dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Bàbá Ráímì jókòó, ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ìyá Ráímì jáde sí mi. Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi. Ó wo àwo náà, kò fọwọ́ kàn án. Àbúrò Ráímì obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìró ìyá rẹ̀ mú, mo sì rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń dá itọ́ mì.

“O káre, ọmọ mi,” ni Ìyá Ráímì wí. “Bá mi dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ Ìyá. Sọ fún un pé a ti jẹun.”

A ti jẹun. Ní ìlú wa níbí, ọ̀rọ̀ ẹni tó yó nìyẹn. Bí o bá bá èèyàn nídìí oúnjẹ, tó ní kí o wá, wàá ní o ti jẹun. Mo ti gbọ́ ọ bí àìmọye ìgbà. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ebi ń pa rí kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí. Mo yí padà pẹ̀lú àwo náà lórí mi, gbígbóná rẹ̀ ṣì ń la òṣùká kọjá.

Mo pàdé Ráímì lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lé ògiri kí n lè ráyè kọjá. Mo fẹ́ sọ nǹkan. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló jáde lẹ́nu mi.

Ó fa imú díẹ̀. “Ọbẹ̀ ìlasa ni,” ó ní. Ó sì wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́kọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tọ́ oúnjẹ náà wò. Ó fi ṣe sàárà fún Àfáà. Kí oṣù náà tó tán, àwọn Ráímì ti kó lọ sí abúlé àwọn èèyàn ìyá rẹ̀. Igi òfì ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn fún ìgbà pípẹ́, adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. N kò fojú kan Ráímì mọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀lé ọkùnrin kan ní Ọjà-Ọba láti ìdí ẹran títí dé ìdí aṣọ, nítorí bó ṣe ń ju apá bíi ti Ráímì. Nígbà tó yíjú, kì í ṣe òun.

Ìkòkò Ìyá kò jẹ́ kí n tètè lọ sílé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí kí n tó jókòó ní kíláàsì kìíní láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò kọjá ìgbáròkó mi. Nígbà tí a mọ ìwé kọ díẹ̀, tíṣà ní kí a kọ̀wé nípa ọ̀rẹ́ wa. Mo ronú títí. Mo kọ ọ́ nípa ewúrẹ́ kan tí ìwo rẹ̀ kán. Tíṣà ní mo kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe ohun tí òun ní kí n kọ nìyẹn.

Gbogbo èyí ló gba orí mi kọjá lórí àpótí ní ilé ìdáná, tí Rúkáyà ń fẹ́ mi. Nígbà tí ara mi balẹ̀, ó gbé àwo lé mi lọ́wọ́. Ó ti da mílíìkì sí i. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán. Ẹnu yà á, ó ní òun kò mọ̀ pé mo máa fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èèrí gbígbẹ ni, wọ́n ti fún gbogbo omi ara rẹ̀ tán pátápátá. Ó ń họ ọ̀fun. Èyí tí Ìyá ń bù fún wọn kò lè rí báyìí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn àsùbáà, mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Àmúdá tó ń sẹ́ ògì ní òpópónà wa. Obìnrin tó lápá ni, ó sì lẹ́nu.

“Ta ló ń kó èèrí yín lóde òní?” mo bi í.

“Háà, Bàbá Rúkáyà, ẹ ò tíì gbọ́? Èèrí ti di ọ̀gá. Àwọn kan ń gbé mọ́tò wá kó o láti apá GRA. Wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń rọ ọ́ sí ọ̀rá. Wọ́n ti ń sanwó kí n tó sẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n fún un kó gbẹ dáadáa ni o.” Ó rẹ́rìn-ín. “Ewúrẹ́ Ìlọrin á máa bú mi.”

“Àwọn tó ń gbà á fún ewúrẹ́ wá ńkọ́?”

“Wọ́n ti wá nǹkan mìíràn.” Ó da omi lé orí aṣọ, ó pò ó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Obìnrin kan ló kù tó ń wá, láti ẹ̀yìn mọ́sálásí. Ó dé lánàá. Mo ní ó ti tán. Ó dúró díẹ̀. Ó ní kò burú, ewúrẹ́ òun á jẹ koríko.”

Mo bi í pé ewúrẹ́ mélòó ni obìnrin náà ní.

Ìyá Àmúdá gbé ojú sókè, ó wò mí, ó tún gbé e sílẹ̀. “Mi ò dé ilé wọn rí,” ó ní.

Mo dúró níbẹ̀. Láti ìdí ìkòkò yẹn, mo ń wo kẹ̀kẹ́ tó ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ, mo sì ń wo omi funfun tó ń kán. Mo ti rò pé ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé olówó ń jẹ èèrí. Èyí kì í ṣe nǹkan. Oúnjẹ ń pààrọ̀ aṣọ ní gbogbo ìgbà. Búrẹ́dì tí a fi ń ṣe fáàrí láyé ọjọ́un ni dókítà ní kí n sá fún lónìí, ìlasa tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni Rúkáyà ń wá kiri báyìí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ìkòkò obìnrin ẹ̀yìn mọ́sálásí yẹn padà sílé lófo, tí ọ̀rá tó lè kún un sì wà nílé ìdáná mi, tí ọmọ mi fi ìfẹ́ rà. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ nínú wọn. Irọ́ tó bo ojú ẹni tí ebi ń pa kò tíì yí padà. Ohun tí a ń bù sínú irọ́ náà ló ti wọ́n.

Mo sọ fún Ìyá Àmúdá pé kó bá mi rẹ kóńgò àgbàdo kan lé tirẹ̀ láti òní lọ, kí n máa sanwó rẹ̀. Kó bá mi sẹ́ ẹ lọ́tọ̀. Kó má fún un tán. Bí obìnrin yẹn bá wá, kó kàn sọ pé èèrí kù, kó bù fún un, kó fi ewé bò ó.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìkòkò.

“Kí n má fún un tán kẹ̀? Ògì á ṣòfò sínú ẹ̀. Bó bá wá bi mí pé ta ló ni ín ńkọ́? Kí ni kí n wí?”

“Sọ fún un pé ti ewúrẹ́ mi ni, ó ṣẹ́ kù.”

“Ewúrẹ́ wo, Bàbá Rúkáyà?” ó ní. “Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, ẹ ò lẹ́wúrẹ́ rí.”

“Mo ní mẹ́ta,” mo ní. “Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ìwo ẹ̀kẹta kán lápá òsì.”